Èyí Tí A Ò Tíì Kọ́ Sórí

“Ẹ tún un kà!” ni tíṣà wí, ó sì fi rúlà gbá tábìlì pàà.

Gbogbo kíláàsì ké e bí orin, láìwo ìwé rárá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń kọ́ àyọkà kan ṣoṣo yìí sórí, nítorí obìnrin olùwádìí kan ń bọ̀ wá gbọ́ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ṣe mọ̀wé kà tó. Ibi tí tíṣà ti rí àyọkà náà ṣáájú, ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ipò kìíní láàárín àwọn ilé-ìwé tí olùwádìí náà ń yẹ̀ wò ni ọ̀gá ilé-ìwé ń fẹ́.

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ni kò lanu.

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o yadi ni?”

“Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, sà. Kíkà ni mi ò mọ̀.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ló bi ọ́ léèrè kíkà?” ni tíṣà dáhùn. “Ìwọ ṣáà ti la ẹnu rẹ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun.

Nígbà tí olùwádìí dé, ó ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn tó ṣáájú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tó kàn án, obìnrin náà na àyọkà sí i.

“Kà á fún mi, ọmọ mi.”

Tíṣà dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣẹ́jú sí i. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ì bá kà á tán láìmí. Àmọ́ ńṣe ló ti bébà náà padà.

“Ẹ má bínú, mà. Ẹ fún mi ní èyí tí a ò tíì kọ́ sórí.”

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. “Ẹ kọ́ èyí sórí?”

“Gbogbo wa, mà.”

Olùwádìí wo ojú fèrèsé. Tíṣà ti pòórá. Obìnrin náà mú àyọkà mìíràn jáde. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kà á pẹ̀lú òógùn lójú, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde, kò sì dé ìdajì tí àkókò fi tó.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá náà. Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó wọlé.

“Màmá, ọmọ yín dójú tì wá!”

“Ṣé irọ́ ló pa, sà?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irọ́…”

“Kí wá ni mo wá ṣe níbí? Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ.”

Àwọn ẹgbẹ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. “Atúlé” ni ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n bá pòṣé sí i, á wojú wọn títí wọn á fi gbójú kúrò. Kò tẹríba fún ẹnì kankan.

Olùwádìí padà wá pẹ̀lú àwọn àyọkà tuntun. Ó ju ìdajì kíláàsì lọ tí kò lè kàwé já geere. Ilé-ìwé náà bọ́ sẹ́yìn pátápátá, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ alára sì wà lára àwọn tó gbẹ́yìn.

“Ká ní mo gbé irọ́ dídùn yẹn lọ,” olùwádìí sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, “ta ni ì bá mọ̀ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò ìrànlọ́wọ́?”

Wọ́n wá olùkọ́ ìwé kíkà fún wọn lẹ́yìn ilé-ìwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọkùnrin tó sọ ọ́ ní Atúlé rọra sún mọ́ ọn, ó fìka tọ́ ọ̀rọ̀ kan.

“Kí ni wọ́n ń pe èyí?”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n,” ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, láìtijú. “Jẹ́ ká jọ kà á.”

Máàkì tí wọ́n bá fi èrú gbà kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́.