Ta Ló Ń Kí Wọn Káàbọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jiyàn, èmi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Olúfọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó wá kí wa, àwa méjèèjì jọ ń fọ abọ́ nínú kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì ní Laurel, nílùú Òyìnbó níbí. Obìnrin yẹn kì í bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìntì. Tí ara èèyàn bá gbóná díẹ̀, díẹ̀ ló máa pè é.

Ọdún 2006 ni, ìgbà tí ewé ń pọ́n tó sì ń já bọ́ lára igi. Fọlákẹ́ àti Gbémiga ọkọ rẹ̀ ti fi ilé wọn ní Forestville háyà fún ẹlòmíì, wọ́n sì ti ra RV, ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìwẹ̀ nínú. Àlòkù ni. Florida ni wọ́n ń lọ, kí òtútù tó dé, kí orúnkún Fọlákẹ́ lè sinmi. Gbémiga ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Òyìnbó ní ìṣirò. "Ìyá Tóyìn, ọjọ́ tí mo bá fẹ̀yìntì, èmi ò tún ní fi ṣọ́bìrì kó yìnyín mọ́ láyé mi." Ọjọ́ náà ti wá dé.

Àmọ́ Gbémiga ti ń gbàgbé nǹkan. Kì í ṣe gbogbo nǹkan o. Ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà ni kì í mọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jáde lọ ra búrẹ́dì tó jẹ́ pé ọlọ́pàá ló mú un wálé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Fọlákẹ́ ló ń wa ọkọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí Tóyìn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ nílé oògùn ní Adelphi, fi là á mọ́lẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, tí Dádì bá tún sọnù lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí Florida mọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà la máa mú wọn lọ."

"Mo gbọ́," ni Fọlákẹ́ wí.

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́. Ó rántí àwọn bàbá tí wọ́n fi ẹ̀rín wọlé síbẹ̀, tí wọ́n wá jókòó ti fèrèsé, tí wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà á débi pé kì í lè sùn dáadáa.

Wọn ò tíì lè gbéra. Àlùfáà ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ Ìsinmi, kí ìjọ gbàdúrà fún wọn. Ta ló sì máa wa ọkọ̀ tó tóbi tó yẹn dé Florida láìgbàdúrà? Wọ́n bá gbé e lọ sí ibùdó kan nítòsí College Park, láàárín igi, níbi tí àwọn RV mìíràn tò sí.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Gbémiga ní àṣà kan. Kò sí ilé tó máa wọ̀ tí kò ní kí i. Ilé ì báà ṣófo, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀kùn jáde, bó bá ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà báyìí, "Ẹ kú ilé o!" Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kékeré ní Ọ̀yọ́. Bàbá náà ò fẹ́ kí ọmọ òun máa yọ́ wọlé bí olè. Gbogbo ọdún tí wọ́n lò ní Forestville, Fọlákẹ́ á wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́, á ní, "Ta lẹ̀ ń kí, Bàbá Tóyìn? Àga ni àbí fíríìjì?" Gbémiga á rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún kí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n lọ da ìdọ̀tí nù, wọ́n sì rìn padà. Oòrùn ti ń wọ̀. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Gbémiga ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ kú ilé o!"

"Ẹ káàbọ̀."

Fọlákẹ́ dúró sójú kan.

Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ohùn náà ti wá, lápá ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Ohùn obìnrin ni. Ohùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, bí ẹni tó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tí kò ráyè yíjú wo ẹni tó wọlé. Kì í ṣe ohùn ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ìyá Gbémiga. Kò gbọ́ irú ohùn náà rí.

Gbémiga ti wọlé, ó ń bọ́ bàtà. "O ṣeun, Ìyá Tóyìn."

"Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀."

"Àh-àh. Ta wá ni?"

Fọlákẹ́ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣí ilé ìwẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì méjì ló wà níbẹ̀. Ó dúró, ó tẹ́tí. Fíríìjì ń kùn. Ewé ń já bọ́ sórí ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, Gbémiga kí ilé, ohùn náà sì tún dáhùn. Lásìkò yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìfọṣọ dé ni, ọ̀sán gangan. Fọlákẹ́ sáré gbé fóònù, ó pe Òyìnbó tó ta ọkọ̀ náà fún wọn. Ó bi í bóyá ọmọ Nàìjíríà kankan ti ní ọkọ̀ yìí rí. Ọkùnrin náà ní rárá o, òun àti ìyàwó òun ló rà á ní tuntun, ìyàwó òun sì rè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kò sí ìyọnu?

"Kò sí," ni Fọlákẹ́ wí.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ó gbé òróró olífì, ó fi pa ẹnu ọ̀nà, ó fi pa sítóòfù, ó fi pa sítíárìn. Ó fi pa ìdérí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá. Nígbà tó tán, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí ọkọ̀ yìí mọ́."

"Kí n wá máa wọlé bí olè?"

"Ẹ ṣe é nítorí tèmi."

Gbémiga wò ó títí. "Ó dáa," ló wí. "Nítorí tìẹ."

Ó sì pa ẹnu mọ́ lóòótọ́. Nígbà tó tún jáde tó padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣílẹ̀kùn, kò sọ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò sì dáhùn. Ó kàn dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò dá a lójú.

"Ṣé ibí ni?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Ibí ni. Ẹ wọlé."

Ó dun Fọlákẹ́ dọ́kàn.

Ní àárọ̀ Sátidé, kùrukùru bolẹ̀. Tóyìn ti pè pé òun ti wà lọ́nà, òun ń kó oògùn Dádì bọ̀. Fọlákẹ́ wọ ilé ìwẹ̀ láti fomi sára. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tó jáde, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kùrukùru ti ń wọlé. Bàtà Gbémiga kò sí níbẹ̀.

"Bàbá Tóyìn!"

Ó sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà. Kò rí nǹkan kan. Ó rìn díẹ̀, ó wẹ̀yìn, ọkọ̀ tirẹ̀ náà ti pòórá. Funfun ni gbogbo ibi. Ó ń gbọ́ ariwo Beltway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá yẹn, láti ọ̀ọ́kán, àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń sáré.

Ó wá gbọ́ ọ.

"Ẹ kú ilé o!"

Gbémiga ni. Ohùn rẹ̀ jìnnà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ajá kan gbó.

"Ẹ kú ilé o!"

Ó ń ti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ó ń kí wọn, ó ń wá èyí tó máa dáhùn. Kò sì sí èyí tó dáhùn.

"Bàbá Tóyìn! Ibí ni mo wà!"

Kò gbọ́. Etí rẹ̀ ti wúwo tipẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti jìnnà sí i, ó ti ń sún mọ́ ọ̀nà ibi tí Beltway ti ń hó. Orúnkún Fọlákẹ́ ò jẹ́ kó lè sáré. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Òun ló ní kí ọkùnrin náà má kí ilé rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń dá ilé mọ̀, òun ló fi òróró pa á rẹ́.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ wa," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò mọ apá ibi tó kọjú sí. "Mi ò mọ̀ yín. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn."

Gbogbo ibi pa rọ́rọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o!"

Ó ròkè lálá. Ohùn ọjọ́sí náà ni, àmọ́ bí ẹni tó ń ké sí ará ilé láti kíṣìnnì dé òde. Kò kánjú. Ó tún ké. Gbémiga dáhùn láti ọ̀nà jíjìn, "Ẹ kú ilé o!", obìnrin náà tún ní, "Ẹ káàbọ̀ o!" Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, tí ohùn Gbémiga sì ń sún mọ́ tòsí, títí tí ó fi rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ nínú kùrukùru, tí kò rí i. Fọlákẹ́ náà tẹ̀ lé ohùn náà wálé.

Nígbà tó débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti jókòó, ó ti bọ́ bàtà.

"Ìyá Tóyìn, níbo lo lọ? Mo ti ń wá ẹ."

Fọlákẹ́ dì mọ́ ọn. Omi ń hó nínú kẹ́tùlù lórí sítóòfù. Òun kọ́ ló gbé e kaná.

Iná ọkọ̀ Tóyìn tàn sí fèrèsé. Ó wọlé pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà bàbá rẹ̀.

"Mọ́mì. Ṣé Dádì tún sọnù?"

"Ó jáde. Ó sì dá wálé fúnra rẹ̀."

"Nínú kùrukùru yìí? Báwo?"

Fọlákẹ́ lè purọ́. Kò purọ́. "Sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Tún wọlé padà, kó o kí ilé bí bàbá ẹ ṣe máa ń kí i."

"Mọ́mì, plíìsì."

"Tóyìn."

Tóyìn mí kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ibí ni, Yorùbá wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú ilé o."

Gbémiga ò lanu. Fọlákẹ́ ò lanu.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni ohùn náà wí láti ẹ̀yìn. "Ṣé o ti jẹun?"

Oògùn bọ́ lọ́wọ́ Tóyìn. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìdí bẹ́ẹ̀dì tí kò sẹ́ni níbẹ̀.

"Rárá, mà," ló wí.

Kò tún dárúkọ ilé ìtọ́jú mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wa gbàdúrà fún wọn, wọ́n sì gbéra. Ní Florida, Gbémiga ń dá jáde láràárọ̀, ó sì ń dá wálé.

Mo bi Fọlákẹ́ pé ta ni obìnrin náà. Ó ṣan abọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun ò mọ̀, òun ò sì bèèrè mọ́, òun kàn ń kí i.

Èmi nìkan ló ń gbé ilé mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi náà ń kí ilé. Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.