Ọkùnrin Tí Arkadi Ṣẹ́ Lẹ́sẹ̀

Ní ìlú Chelyabinsk lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, kò sẹ́ni tí kò mọ Arkadi Vetlugin nígbà tó ń gbá họ́kì orí yìnyín, eré ìdíje tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Ọwọ́ iwájú ló ti ń gbá a. Bó bá ti jáde báyìí, ariwo a sọ. Òkìkí yìí wọ̀ ọ́ lára, kò ka ẹnikẹ́ni sí mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ ìlú Omsk, Mansur Gareyev, gba rọ́bà tí wọ́n ń gbá mọ́ ọn lọ́wọ́ títí àwọn èrò fi ń rẹ́rìn-ín. Inú bí Arkadi. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

“Ọwọ́ mi ló yọ̀,” ló wí fún rẹfirí.

Mansur kò gbá họ́kì mọ́ láéláé.

Nígbà tó yá, ara Arkadi náà kò gbé e mọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní kó máa lọ sílé. Ariwo dákẹ́. Ó wá sọ ọtí líle fọ́dkà di ọ̀rẹ́.

“Arkasha, mi ò lè máa bá òkú gbélé,” ni Rimma ìyàwó rẹ̀, tó máa ń fi orúkọ yìí kẹ́ ẹ, wí. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Nígbà òtútù ọdún náà, ọtí gbé Arkadi ṣubú sínú yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kí wọ́n tó rí i, òtútù ti pa ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n dúdú bí èédú. Wọ́n gé wọn ní ilé ìwòsàn. Nínú gbogbo àwọn tó ti ń pariwo orúkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó yọjú.

Ẹnì kan wá wọlé, ó ń tiro. Mansur ni. Ó ti kó wá sí Chelyabinsk, ó ti di onígbàgbọ́, òun àti ìjọ rẹ̀ a sì máa bẹ aláìsàn wò.

“Ṣé o wá fi mí ṣẹ̀sín ni?”

“Ọbẹ̀ kábéèjì ni mo gbé wá. Lanu jàre, ọ̀gá iwájú.”

Arkadi kọ̀, kò lanu. “Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ni.”

“Mo mọ̀. Ó pẹ́ tí mo fi gbàdúrà kó o kú. Jésù ló gba àdúrà yẹn lẹ́nu mi.”

“Ó yẹ kó o lù mí.”

“Wọ́n ti lu Ẹnì kan dípò ẹ, Arkasha, wọ́n sì kàn án mọ́ àgbélébùú.”

Ọkùnrin líle náà sunkún. Níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Ọlọ́run, tó sì gba Jésù.

Ìka rẹ̀ kò hù padà. Rimma kò padà wá. Òùngbẹ ọtí ṣì ń bá a jà, ṣùgbọ́n kò dá ìjà náà jà mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ̀ṣẹ̀ tí ò ń pè ní àṣìṣe, Ọlọ́run mọ orúkọ tó ń jẹ́. Má ṣe dúró de ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ ló sùn sínú yìnyín lọ́dún náà tí wọn kò jí. Jésù ń pè ọ́ lónìí. Dá a lóhùn.