Táyà Àdìó àti Ọkàn Akíndúró

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá fún ọ. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Kì í ṣe olè. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń kí i. Síbẹ̀, ó ń ṣègbé lọ.

Akíndúró ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Òǹdó ni, ó sì ń ta táyà mọ́tò ní Dùgbẹ̀. Ní ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn, àwọn awakọ̀ kan dá ìdíje eré mọ́tò sílẹ̀. Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti ń gbéra, wọn á gba Moniya dé Ọ̀yọ́, wọn á sì padà. Akíndúró ló ń darí ẹgbẹ́ kan nínú wọn. Àdìó ni awakọ̀ rẹ̀, Àyànṣọlá sì ni mẹkáníìkì. Moniya ni Akíndúró máa ń dúró sí, òun ni yóò sì sọ bóyá kí mọ́tò dúró gba omi àti táyà tuntun, tàbí kí ó máa lọ.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ó ní kí Àdìó dúró pààrọ̀ táyà. Ìkánjú mú kí jáàkì yọ̀ lábẹ́ mọ́tò, díẹ̀ ló kù kó tẹ Àyànṣọlá lápá. Kí wọ́n tó tún gbé e sókè, mọ́tò kejì ti kọjá lọ. Bí wọ́n ṣe pàdánù nìyẹn.

Àwọn alátìlẹ́yìn wọn a máa pàdé ní ìsọ̀ Àyànṣọlá lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìdúró Moniya yẹn ni wọ́n sì gbé jókòó. Àwọn kan ní táyà ọjọ́ náà ìbá gbé e délé. Àwọn mìíràn ní Ọ̀yọ́ ló yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, níbi tí mọ́tò ti ní láti dẹ eré kó tó yí padà. Ẹnìkan ní ewu gbígbé mọ́tò sórí jáàkì pẹ̀lú ìkánjú pọ̀ ju ewu táyà lọ. Télọ̀ kan tí kò wa mọ́tò rí wá sọ pé ojo ni Akíndúró. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Akíndúró náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn ni ọlọ́run tí ó ń sìn.

Nígbà tí ìdíje kejì dé, Àdìó ló ṣáájú bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Nígbà tó dé Moniya, ó dẹ eré, ó yọrí, ó ń wo ojú Akíndúró. Àyànṣọlá ti gbé jáàkì dání. Ó ní táyà ẹ̀yìn ti fẹ́lẹ́ jù, kí wọ́n jẹ́ kó dúró. Akíndúró wo táyà náà. Ó rí i pé okùn inú rẹ̀ ti yọ síta. Ẹni tó ń ta táyà ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn ará ìsọ̀ ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Ó ju ọwọ́ síwájú pé kí Àdìó máa lọ.

Nítòsí Àgbowó ni táyà náà ti bẹ́. Mọ́tò ta tàkìtì wọ inú kòtò. Àdìó kò kú, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

Akíndúró kò sunkún. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń tajà, ó ń jẹun láìmọ adùn ohun tó ń jẹ. Bí ènìyàn bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń dáhùn ni lójú ara rẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn tún pàdé, wọ́n tún jiyàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ wọn gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀nà tó kù kò jìn mọ́, mọ́tò kejì sì ti sún mọ́ wọn, kò sí olórí ẹgbẹ́ tí ì bá ní kí Àdìó dúró. Àwọn kan ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Télọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ní akọni ni Akíndúró. Ohun tí Akíndúró ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán, kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Àdìó ń sùn. Ràṣídátù, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Akíndúró, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Akíndúró yí padà, ó ń lọ sílé.

Ọlálẹ́yẹ, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, yà kí i lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jókòó títí. Ní ìgbẹ̀yìn, Akíndúró sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Mo rí okùn táyà yẹn kí n tó ní kó máa lọ.”

Ọlálẹ́yẹ kò tù ú nínú. “Ẹ̀ṣẹ̀ ni,” ó ní.

Akíndúró gbójú sókè. Àwọn yòókù ti pe ọ̀rọ̀ náà ní àṣìṣe, wọ́n ti pè é ní kádàrá. Kò sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.

“Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni,” Ọlálẹ́yẹ ní, “o lè máa wí àwíjàre títí. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni Jésù kú fún.”

“Kò sí nǹkan tó ń dùn mí, Ọlálẹ́yẹ. N kò lè sunkún. Báwo ni irú mi ṣe fẹ́ ronú pìwà dà?”

Ọlálẹ́yẹ sọ fún un pé Ọlọ́run ti ṣèlérí láti yọ ọkàn òkúta kúrò, kí Ó sì fi ọkàn ẹran rọ́pò rẹ̀, àti pé àwọn tí ọkàn wọn ti le gan-an ló ṣèlérí náà fún. “Kò ní kí o kọ́kọ́ mú un rọ̀ kí o tó wá. Gbé e wá bó ṣe wà.”

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Àdúrà Akíndúró kò gùn. “Olúwa, mo rí i, mo sì ní kó máa lọ. Mo fẹ́ràn ìyìn ènìyàn ju ẹ̀mí Àdìó lọ. Ṣàánú mi nítorí Jésù.” Ó dìde. Kò gbọ́ ohùn kan láti òkè, ara rẹ̀ kò sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mọ́.

Ó lọ bá Àdìó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jẹ́wọ́ lójú Ràṣídátù. Ràṣídátù dìde, ó jáde. Àdìó kọjú sí ògiri.

“Mo ti mọ̀, bọ̀dá. Mo rí yín tí ẹ wo táyà náà.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó wá sọ fúnra yín.” Ó ní kí Akíndúró jọ̀ọ́ bá òun gbé òun jókòó.

Akíndúró ki ọwọ́ sí i lẹ́yìn, ó gbé e. Ó wá mọ bí ọkùnrin náà ṣe fúyẹ́ tó. Níbẹ̀ ni omijé ti bọ́ lójú rẹ̀, tí kò sì lè dá a dúró. Àdìó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí Àdìó gbádùn, Akíndúró mú un wọ inú òwò táyà ní Dùgbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń tajà. Ó pẹ́ kí Ràṣídátù tó dá Akíndúró lóhùn ìkíni. Akíndúró kò bínú sí i. Ó ń gbàdúrà fún un.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Bóyá àwọn ènìyàn ti dá ọ láre pátápátá. Àwọn kọ́ ni ìwọ yóò dúró níwájú wọn lọ́jọ́ ìdájọ́. Bóyá ìwọ náà ń jí, o ń jẹ, o ń sùn, kò sì sí ohun tó kàn ọ́ mọ́. Má ṣe rò pé ó ti pẹ́ jù, má sì dúró de ìgbà tí o bá lè sunkún. Jésù ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú rẹ gan-an. Ní ibi tí o jókòó sí yìí, pe orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ fún un ohun tí o ṣe láìbò ó. Yóò gbọ́ ọ lónìí.