Agolo Ìdí Pẹ̀rẹ́gún

Ọdún kejì tí ìjọba sọ ìwé kíkà di ọ̀fẹ́ ni Mojọlá kọ́kọ́ rí Olúkúnlé. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọkùnrin náà wà lẹ́bàá adágún tó wà lọ́nà oko Ìgànná, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpáta dé èjìká. Nọ́ọ̀sì ni Mojọlá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lọ gún fáwọn ọmọ abúlé. Ó dúró wò ó títí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé òkété lẹ ń wá ni?"

"Rárá o. Agolo ni mo ń fi pamọ́."

Olùkọ́ ìtàn ni. Ó ti ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wá ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ ọkà lórí àpáta nígbà tí ogun lé wọn dé etí omi yìí. Ẹni tó bá rí agolo tó fi síbẹ̀ yóò mú ohun kan nínú rẹ̀, yóò sì fi òmíràn rọ́pò.

"Bojúbojú lẹ ṣì ń ṣe pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí?"

"Ẹ wá bá wa ṣe é ná, kí ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mojọlá bá wọn ṣe é, ó sì ń ṣíwájú àwọn ọmọ rí agolo. Kí wọ́n tó wá etí adágún náà yí ká, ó ti nífẹ̀ẹ́ Olúkúnlé, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

"Mojọlá mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Obìnrin kì í sáré jẹ́ hẹ̀n. Mojọlá rẹ́rìn-ín. "Èsì rẹ wà nínú agolo. Wá ibi tí ilẹ̀ baba mi ti pàdé omi."

Owó ẹyọ méjì ló fi òwú so kojú kojú, bí àwọn àgbà ti ń pàrokò sí ẹni tí ojú wọn ń wá. Ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó rì í sídìí pẹ̀rẹ́gún. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló dàgbà sí, kò mọ̀ pé pẹ̀rẹ́gún yẹn ni ààlà tí baba òun àti Jẹ́ẹ́dé, ará oko wọn, ń jà lé lórí.

Ọkọ́ baba rẹ̀, Bàbá Ládòkun, ló kọ́kọ́ kan agolo náà. Bó ti rí owó ẹyọ tí wọ́n fi òwú so, ó ní oògùn ni. Kò tíì nàró tán tí Olúkúnlé fi yọ, ó ń wo ìdí pẹ̀rẹ́gún.

"Jẹ́ẹ́dé ló rán ọ wá yẹ ààlà mi, àbí?"

Olúkúnlé rí agolo lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ẹni tó ni ín. Ó dọ̀bálẹ̀. "Kò sẹ́ni tó rán mi, bàbá. Ẹ dárí jì mí."

Nígbà tí Bàbá Ládòkun délé, ó pe ọmọ rẹ̀. "Tíṣà tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Èmi alàgbà ìjọ ò ní fọmọ fún olóògùn."

Bí Mojọlá bá sọ̀rọ̀, baba rẹ̀ yóò gbọ́ pé ó ti jẹ́ hẹ̀n fún ọkùnrin kí ẹbí tó mọ̀. Bó bá sì dákẹ́, Olúkúnlé lọ nìyẹn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo so ó. Èmi ni mo rì í. Èsì tí mo fún un ni."

Bàbá Ládòkun mú owó ẹyọ náà jáde, ó tún un wò. Owó méjèèjì kọjú síra. Ìyá tirẹ̀ náà ti pa irú àrokò bẹ́ẹ̀ rí.

"Òun sì mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Ó mọ̀, bàbá."

"Ó sì dọ̀bálẹ̀ kí n máa bú u?"

Omi ti lé lójú Mojọlá.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ládòkun ránṣẹ́ pe Olúkúnlé. Kò jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ tán tó fi gbé agolo lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ni wọ́n fi èyí ránṣẹ́ sí. Èmi ni mo ṣèèṣì gbà á lọ́nà. Lọ kó àwọn ènìyàn rẹ, kí wọ́n wá tọrọ ẹni tó fi í ránṣẹ́."