Ìdánwò Kẹta fún Mọgàjí

"Dá a dúró! Ruqoyah, dá a dúró!"

Ta ni yóò dá a dúró? Ṣé Ruqoyah tí akoto ti ṣí bo ojú, tó di ọrùn ẹṣin mú bí ẹni di òpó ilé mú lọ́jọ́ ìjì? Mọgàjí ti na eré. Ó la àárín pápá kọjá, koríko ń fò sókè lẹ́yìn rẹ̀, tábìlì tí àwọn adájọ́ jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà ló sì kọjú sí tààrà. Adájọ́ kan kígbe "Yéè!" Èkejì kò ráyè kígbe ní tiẹ̀, ó ti wà lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí imú ẹṣin kan ìgò mínírà ni Mọgàjí tó dúró gbágá. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, ó yán, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá ń wo ojú àwọn adájọ́ bí ẹni tó ń retí ẹ̀bùn.

Bí Ruqoyah ṣe kùnà ìpele kìíní lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o, eré yìí kì í ṣe ìje. Ẹni tó yára jù kọ́ ló ń mókè. Ẹlẹ́ṣin á wọlé, á dúró ní àárín pápá, á kí adájọ́, ẹṣin á wá máa rìn, á máa sá tọ̀tọ̀tọ̀, á pa òbìrí, gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹlẹ́ṣin kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan fún un. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìdí ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n ń gùn ún, bí kíláàsì ilé ìwé. Àwọn ará ilé Ruqoyah ní Ajégúnlẹ̀ kò lè pe orúkọ òyìnbó tí eré náà ń jẹ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ijó ẹṣin.

Ọdún 1991 ni. Ọgbà àwọn agẹṣin kan wà ní GRA Àpápá tó máa ń gba àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama díẹ̀ pé kí wọ́n máa wá tọ́jú ilé ẹṣin, kí wọ́n sì máa kọ́ ẹṣin gígùn. Ruqoyah wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, bàbá rẹ̀ ń wa tirélà láti èbúté Tin Can, ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ilé ìwé. Ìlọrin ni wọ́n ti wá sí Èkó. Tí ọmọ náà bá ti gorí Mọgàjí, ayé rẹ̀ dùn, ó parí!

Ohun tó ń ya Màdáámù Dáhùnsí, olùkọ́ wọn, lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ ìdánrawò, àdàbà ni Mọgàjí. Wọ́n rò pé àtíbàbà tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ló ń bà á lẹ́rù. Wọ́n ta àtíbàbà sí pápá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹṣin ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò tilẹ̀ gbójú wò ó.

"Ruqoyah, ìgbìmọ̀ ọgbà ti sọ̀rọ̀," Màdáámù sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ náà parí. "Ẹṣin tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títà ni wọ́n máa tà á. Ìdánwò ìparí táàmù yìí ló kù."

"Ta ni wọ́n máa tà á fún, mà?"

Màdáámù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tó bá dé o, ọmọ mi. Alápatà náà ń ra ẹṣin."

Omi lé ròrò sójú Ruqoyah. Ó wọ inú ilé ẹṣin lọ, ó gbé orí lé Mọgàjí léjìká, ó sunkún títí aṣọ rẹ̀ fi tutù.

Ibẹ̀ ni Láńre bá a. Ọmọ GRA ni Láńre, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ó sì ti dé ìpele kẹta. Ọmọ dáadáa ni o, kò yájú, kò gbéraga. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló kàn fẹ́ràn jù.

"Èwo ni ti ẹkún? Wò ó," ó wí, ó sì na ìwé kékeré kan tó ká sí i. Hóró oògùn funfun ló wà nínú rẹ̀. "Dókítà ẹran ló fún ajá wa nígbà tí wọ́n ń yin báńgà ní Kérésì. Ajá tó máa ń fẹ́ já ilẹ̀kùn, ṣe ló sùn lọ fọnfọn. Fún ẹṣin ẹ díẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Láńre, kò ní pa á lára?"

"Ṣé ó pa ajá wa ni?"

Ruqoyah mọ̀ pé kò dáa. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí alápatà. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ó ki oògùn náà bọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, Mọgàjí jẹ ẹ́, ó sì tún lá ọwọ́ rẹ̀.

Háà, ẹ bá rí ẹṣin lọ́jọ́ náà! Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. Màdáámù ń pàtẹ́wọ́ létí pápá, wọ́n ń ní, "Ehn-ehn! Bẹ́ẹ̀ ni!" Inú Ruqoyah dùn dé ẹ̀yìn etí. Ó pa òbìrí àkọ́kọ́, ó pa èkejì. Níbi tó ti fẹ́ pa ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ iwájú Mọgàjí ti ká lábẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, tẹṣin tẹlẹ́ṣin bá ṣubú lulẹ̀ gbì!

Iyanrìn kún ẹnu Ruqoyah, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe é. Mọgàjí ni orúnkún rẹ̀ bó, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, tó ń gbìyànjú láti dìde tí kò rí i ṣe.

"Kí ló ṣe ẹṣin yìí?" Màdáámù béèrè, wọ́n ti kúnlẹ̀ tì í.

Láńre wà létí ọgbà, ó ń ṣẹ́jú sí i pé kó panu mọ́. Ruqoyah wo ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n dókítà kò lè tọ́jú ohun tí kò mọ̀.

"Oògùn ajá ni mo fún un, mà. Ẹ má bi mí pé ta ló fún mi. Ọwọ́ èmi ni mo fi fún ẹṣin."

Màdáámù kò lù ú, wọn kò sì pariwo. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà ẹran, nígbà tí ara ẹṣin sì balẹ̀, wọ́n ní, "O ò ní gùn ún mọ́ títí orúnkún yìí á fi jinná. Ẹsẹ̀ ẹ lo máa fi rìn, wàá máa fà á kiri ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Tí ìdánwò bá dé tí kò tíì jinná, ó bá wa nìyẹn."

Ti ilé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ìwọ Ruqoyah!" ni ìyá rẹ̀ wí, wọ́n sọ aṣọ tí wọ́n ń rán sílẹ̀. "Ẹran tí kò lẹ́nu tó lè fi sọ pé orí ń fọ́ òun, ìwọ lo wá fún ní oògùn jẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ó bá ń fa ẹṣin kiri àdúgbò GRA. Ẹ̀gàn gbáà ni lójú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ inú mọ́tò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹṣin ẹ ti bàjẹ́ ni?" Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kọjá níbi tí àwọn dírẹ́bà máa ń dúró de ọ̀gá wọn. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n tò sí lábẹ́ igi fúrúùtù. Kíá, Mọgàjí na etí, ó ká ọrùn, ó ń fi pátákò gbẹ́ ilẹ̀. Ó fẹ́ sáré! Ruqoyah fi gbogbo agbára dì í mú. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àwọn dírẹ́bà ti dìde, wọ́n ń nu mọ́tò. Mọgàjí gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò séèyàn níbẹ̀.

Ruqoyah dúró láàárín títì. Iléyá ní Ìlọrin ló rí lójú ara rẹ̀, nígbà tó ṣì kéré lórí ọrùn bàbá rẹ̀: àwọn ẹlẹ́ṣin ń sá eré tete bọ̀ níwájú ọba tó jókòó, wọ́n á fa ìjánu gìrì, ẹṣin á dúró lójijì, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè júbà!

Eré ló sá padà sọ́gbà, tòun tẹṣin tó ń tiro díẹ̀. "Màdáámù! Màdáámù! Ẹṣin yìí ò ya aláìgbọràn o! Ọba ló ń kí!"

Màdáámù gbọ́rọ̀ náà tán, wọ́n fọwọ́ lu itan. "Ẹ gbà mí! Òkè Ọya la ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin júbà ọba. A ta àtíbàbà fún un, a ò fi ẹnikẹ́ni jókòó sábẹ́ ẹ̀!"

Nígbà tí orúnkún jinná, ẹni tí yóò máa jókòó sábẹ́ àtíbàbà ni wọn kò rí. Àwọn ará GRA kò ráyè. Ruqoyah bá gba Ajégúnlẹ̀ lọ, ó bẹ àwọn ará ilé wọn. Bọ̀dá Onoriode, alágbàrù ní wọ́ọ̀fù, ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n wọ jígí dúdú, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ dání, wọ́n jókòó sáàárín àwọn yòókù lábẹ́ àtíbàbà bí ọba.

"Ẹ má sá o, bọ̀dá," ni Ruqoyah wí.

"Sá kẹ̀? Me wey dey carry load for wharf?"

Mọgàjí na eré. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà, bọ̀dá Onoriode ti fẹsẹ̀ méjèèjì gorí àga, jígí ti fò lọ, ìyá Ruqoyah rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wá lọ́jọ́ kẹta. Bí ara ẹṣin bá ti ń gbóná láti sáré, Ruqoyah kì í fà á mọ́. Á tú ọwọ́, á mí kanlẹ̀, á yí i padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Díẹ̀ díẹ̀, Mọgàjí mọ̀ pé ọba yìí kò fẹ́ eré, ìrìn ló fẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ajégúnlẹ̀ tú jáde! Wọ́n kún etí ọgbà, Màdáámù ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pariwo. Adájọ́ tó sá sábẹ́ tábìlì níjọ́sí ti fa àga rẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Ruqoyah wọlé. Ó rí àwọn adájọ́ lórí ìjókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ itan pé gbogbo iṣan Mọgàjí ti dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un láti fa ìjánu. Kò fà á. Ó tú ọwọ́, ó mí kanlẹ̀.

Mọgàjí rìn. Ó rìn dé àárín pápá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ó dúró. Kò mira. Eṣinṣin bà á létí, kò gbọn etí. Ruqoyah tẹrí ba fún àwọn adájọ́, omijé ayọ̀ sì ti lé sí i lójú kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó kù. Ó ṣe àṣìṣe lóòótọ́, òbìrí kan tóbi jù, ibì kan wà tí ẹṣin kù díẹ̀ kó gbàgbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe é dópin.

Nígbà tí àbájáde dé, Màdáámù kà á sókè: "O yege! Díẹ̀ báyìí lo fi lé ààlà, ṣùgbọ́n o yege!"

Ariwo sọ! Bọ̀dá Onoriode gbé Ruqoyah sókè, ìyá rẹ̀ ń jó, Láńre pàápàá ń fò sókè, ó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Màdáámù ṣì ń ka nǹkan lọ, ojú wọn wá là. "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Fún dídúró àti kíkí adájọ́, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Kò sí ẹṣin kankan lónìí tó dúró tó bẹ́ẹ̀."

Ruqoyah wo Mọgàjí, ẹnu rẹ̀ kò lè padé. Ohun tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ tà á ni ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Ká ní oògùn ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́sí, ẹnikẹ́ni kì bá mọ̀ láéláé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ọ̀nà ẹ̀bùrú lè pa ìṣòro lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n sùúrù ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ń ṣe ọ́. Ẹ béèrè. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn tí wọ́n bá ní kí ẹ rìn.