Ìlù Rengganis Tí Wọ́n Fún Lọ́rùn

Igi ìlù méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ Rengganis lọ́jọ́ tó já wọ yàrá ẹ̀rọ, tó sì kọ́kọ́ rí Wirya. Òógùn ń ṣàn lójú Rengganis, irun rẹ̀ ti tú, kò wọ bàtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ń jẹ ẹja díndín tí wọ́n ń pè ní batagor nínú ọ̀rá, ọbẹ̀ ẹ̀pà ti yí i létí ẹnu. Ó gbójú sókè, ó rí arẹwà obìnrin tó jọ pé ó fẹ́ na òun, ó sì gbàgbé láti gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Ta ló sọ ìlù mi dà báyìí?"

"Èmi ni, Teh," ó fi ọ̀wọ̀ pè é ní ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀yin! Ibi tí mo ti rọra fi igi kàn án, ẹ gbé e sókè bí ẹni ń kiri ọjà. Ibi tí mo ti là á mọ́lẹ̀, ẹ fún un lọ́rùn. Gbogbo ẹ̀ wá rí pẹlẹbẹ bí ẹní! Ṣé ẹ tiẹ̀ ní etí?"

"Méjì ni mo ní, Teh. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi igi yẹn dín in kù."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Rengganis, ó gbé e mì. Inú ń bí i, ó sì fẹ́ kó máa bí i.

Ẹgbẹ́ olórin tí Rengganis ń lu ìlù fún ní Bandung ń gba àwo orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní sítúdíò ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Pak Hendarto. Wirya ló ń tọ́jú ohùn níbẹ̀. Ó ti to máìkì yí ìlù ká, ó sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní kọ́mpúrẹ́sọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó tẹ ohùn tó bá ga jù wálẹ̀, kí ńlá àti kékeré lè súnmọ́ra. Tí wọ́n bá lò ó níwọ̀n, ó dáa. Wọn ò lò ó níwọ̀n. Èyí tó tún burú jù ni pé inú ẹ̀rọ ni ohùn ti kọjá kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè tú u mọ́.

Pak Hendarto fúnra rẹ̀ wọlé, fóònù ní ọwọ́. "Èmi ni mo ní kó fún un pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ obìnrin ò le, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ló máa bá ọ fún un lágbára."

"Pak, ṣé ẹ ti gbọ́ mi rí láìsí ẹ̀rọ?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?" Ó ń wo fóònù rẹ̀ lọ síta.

Ìbínú gbé omi wá sójú Rengganis. Wirya rí i. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó tẹ̀ lé e lọ sí yàrá ìlù, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ lù ú fún mi, Teh. Etí lásán ni màá fi gbọ́ ọ."

Ó lù ú. Tìbínú-tìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìlù gba ọkàn rẹ̀, tí àwọn ìfọwọ́kàn kéékèèké tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ń yọ láàárín àwọn ńlá, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sórí páànù. Nígbà tó parí, Wirya dìde nílẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Abẹ́rẹ́ ara ẹ̀rọ ni mò ń wò. Mi ò gbọ́ yín."

Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ gbà. Wirya dẹ ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ kí igi kọ́kọ́ dún lára awọ kí ẹ̀rọ tó dì í mú. Máìkì tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán nínú yàrá nìkan ló fún pọ̀ dáadáa, ó sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ àwọn yòókù, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí Rengganis gbọ́ ọ, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi nìyẹn."

"Ẹ̀yin ni."

Kò pẹ́ tí "ẹ̀yin" di "ìwọ", tí "Teh" di "Neng", orúkọ ìfẹ́ fún ọmọbìnrin, tí Rengganis náà ń pe Wirya ní "Aa", ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, tàbí "Elétí-méjì" tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wirya a máa bá a ru àwo idẹ tó máa ń lù dé ìdí ọkọ̀ angkot. Ó ṣèlérí pé lẹ́yìn Lebaran, ọdún ìtúnu ààwẹ̀, òun máa mú ìyá òun wá láti Garut láti wá tọrọ rẹ̀.

Abah Suhada, bàbá Rengganis, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ò fẹ́ gbọ́. "Onílù fẹ́ agbohùnsílẹ̀! Ta ló máa gbọ́ tí ọmọ bá ń sunkún nínú ilé yín?"

Lẹ́yìn náà ni àwo orin jáde. Orin wọn gba ìlú, kò sí ilé oúnjẹ tí wọn ò ti ń gbọ́ ọ. Nínú ilé oúnjẹ kan ni Rengganis ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n: Bramantyo, ọmọ ẹ̀gbọ́n Hendarto, jókòó sídìí ìlù, ó ń ju apá kiri, ohùn ọwọ́ Rengganis ló sì ń jáde. Rengganis ra àwo náà. Orúkọ Bramantyo ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó lu ìlù. Orúkọ tirẹ̀ ò sí níbì kankan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gá ló pàṣẹ, kó ṣe sùúrù.

Ó bá Wirya nídìí ẹ̀rọ. "O mọ̀?"

Wirya kọjú sí ẹ̀rọ, ó ń yí bọ́tìnì.

"Wirya, mo bi ọ́ léèrè."

"Mo mọ̀. Ọ̀gá ní òun máa lé mi tí mo bá sọ̀rọ̀. Mo wá ń ro ti ìgbéyàwó wa, Neng…"

"Má fi ìgbéyàwó bò ó! Hendarto ò gbọ́ mi rí. Ìwọ gbọ́ mi! O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o gbọ́ mi ju ẹnikẹ́ni lọ láyé yìí, o sì bá wọn fọwọ́ bò mí lẹ́nu!"

Ó lọ. Wirya pè é títí, kò gbé e.

Abah tí kò fẹ́ ìlù ló wá bínú jù. Ó ń rìn káàkiri pálọ̀ nínú aṣọ sàróǹgì rẹ̀. "Ọmọ mi ló lù ú! Tábìlì oúnjẹ mi ló fi kọ́ ọ, títí ẹsẹ̀ tábìlì kan fi yẹ̀!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rengganis ń dín tẹ́ńpè tí wọ́n fi sóyà ṣe, rédíò Abah ń sọ̀rọ̀. Hendarto ti kó ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò náà. Olóòtú bi Bramantyo léèrè bó ṣe ń ṣe àwọn ìfọwọ́kàn kéékèèké yẹn.

"Áà… ẹ̀rọ ló ń ṣe é," Bramantyo fèsì.

"Ẹ̀rọ!" Rengganis ju ṣíbí ìdínran sílẹ̀.

Ohùn mìíràn gba orí rédíò: Wirya, tó tẹ̀ lé wọn lọ tọ́jú máìkì. "Irọ́ ni. Rengganis, ọmọ Suhada, ló lu ìlù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo gbé máìkì sí i. Wọ́n ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́, ojú ń tì mí. Bramantyo, tí mo bá purọ́, ìlù rè é, lù ú."

Wọn ò gbọ́ ìlù kankan. Wọ́n gbọ́ tí àga ṣubú, lẹ́yìn náà àwọn ará rédíò sáré fi orin sí i.

"Ó gbìyànjú," Abah ní.

"Ó pẹ́ jù," Rengganis ní, àmọ́ ojú rẹ̀ ti kún fún omi, tẹ́ńpè sì ti ń jóná.

Kí oòrùn tó wọ̀, Wirya dé. Rengganis dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún un.

"Ṣé o rò pé màá dúpẹ́ pé o sọ ohun tó yẹ kó o ti sọ tipẹ́?"

"Rárá."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Wọ́n lé ọ?"

"Níwájú gbogbo èèyàn."

Ó wò ó títí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun, Neng."

"Èyí tó jóná lo máa jẹ."

"Jẹ́ kó wọlé," Abah ké láti inú ilé, "kí ará àdúgbò má baà rò pé agbowó iná ni!"

Ìgbà tí àwọn oníwèé ìròyìn pariwo ni Hendarto tó yí orúkọ tó wà lára àwo padà. Kò tọrọ àforíjì, Rengganis ò sì dárí jì í. Wirya ń tọ ẹgbẹ́ kéékèèké lọ sílé wọn, ó ń gba orin wọn sílẹ̀, ó sì ń rí ti oúnjẹ.

Lẹ́yìn Lebaran, ìyá rẹ̀ wá láti Garut. Lọ́jọ́ ìsopọ̀ wọn, Rengganis jókòó sí yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ní pálọ̀, Abah di ọwọ́ Wirya mú, ó fi ọmọ rẹ̀ fún un. Àṣà ni pé Wirya gbọ́dọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, láìdánu dúró. Ó dáhùn. Ó pe orúkọ Rengganis àti ti bàbá rẹ̀ ketekete, sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì yíjú padà. "Ó tọ́!" ni àwọn ẹlẹ́rìí ké.

Omijé ti ba àtíkè Rengganis jẹ́. Àwọn obìnrin sáré mú aṣọ ìnujú, gbogbo wọn ń rọ̀ ọ́ nígbà kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọ́ ohun tí Wirya ń sọ fún Abah ní pálọ̀ mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná," ó ní. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ."