Ìwo Àgbáǹréré Tí Rabiatou Gbà ní Ìdógò

Zénabou tó ń ta òrí ló kọ́kọ́ sọ fún Rabiatou pé Idrissou ọdẹ ti kú. Ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Amidou, ẹ̀bá odò ọ̀nà Bassila ni wọ́n ti rí i. Ihò kan ṣoṣo ló wà láyà rẹ̀. Ìbọn kọ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ."

"Irọ́ ni! Ìwọ̀fà tó rán sí mi ṣì wà lóko mi báyìí."

"Ìgbà wo ni ìyẹn dé?"

Rabiatou fi ìka ka ọjọ́. Ọjọ́ méje. 

Owó fàdákà méjìlá ni Idrissou yá ní oṣù méjì sẹ́yìn, láti fi san owó orí àwọn Faransé. Rabiatou, opó tó ń ta èlùbọ́, kì í fi owó ṣàánú. Ó ní kó mú ìdógò wá. Ìwo kan ló gbé dé, ó gùn tó apá, ó tọ́ ṣánṣán, ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Ìwo àgbáǹréré ni, ẹranko tí ìwo kan ṣoṣo hù sí níwájú orí. Ní Manigri, ìlú wọn, ẹni tó bá pa á gbọ́dọ̀ sin ìwo náà pọ̀ mọ́ orí.

"O ò sin ín?" Rabiatou bi í.

"Kò sórí tí n ó sin ín pọ̀ mọ́."

Rabiatou rò pé àwàdà ni. Ó gbọ́wọ́ lé ìwo, ó sọ ọ̀rọ̀ tí olówó máa ń sọ lórí ìwọ̀fà: "Ẹni tó ni ọ́ ni yóò sìn mí títí owó mi yóò fi pé." Kò dárúkọ Idrissou. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe.

Àwọn ọlọ́lá Bassila ń bẹ̀rù májèlé. Wọ́n ní bí ìwo yìí bá kan omi, májèlé inú rẹ̀ á kú. Ni Rabiatou bá ń fi ọ̀bẹ ha á, ó ń ta lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Ìdajì ti lọ.

"O sì mọ òfin wa," ni Zénabou wí. "Ẹni tó bá ba ìdógò jẹ́, ara rẹ̀ ló fi ń dípò rẹ̀."

"Ẹni tó ni ín ti kú. Ta ló máa bi mí? Gbé òrí rẹ, jàre."

Ṣùgbọ́n ó gba oko lọ. Ebè tó wà nílẹ̀ kò lóǹkà. Ọkọ́ tó fún ìwọ̀fà náà ṣì wà lára igi, erùpẹ̀ kò kàn án. Ọkùnrin náà jókòó, ó fi aṣọ funfun wé orí, ó ń jẹ ewé iṣu ní tútù.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Ìwọ ni. O ní kí ẹni tó ni ín wá sìn."

Ó tú aṣọ náà. Kùkùté kan wà láàrin iwájú orí rẹ̀, ó rí kiribiti bí igi tí a gé, ẹ̀jẹ̀ ń sun lára rẹ̀.

"Inú pàkúté ni mo wà nígbà tó gé e. Kò tilẹ̀ pa mí. Gbogbo ìgbà tí o bá sì ń ha á, ibí yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Rabiatou kò lè sá. 

Ọkùnrin náà yọ àpò awọ Idrissou jáde, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. "Ó ń bọ̀ wá san án ni mo pàdé rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méje yìí ni èlé rẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to fàdákà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà tí Rabiatou ti ń ṣòwò, kò gbàdúrà rí pé kí owó òun dín. Ó gbà á lọ́jọ́ náà. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó pẹ́ níbẹ̀. Rabiatou mí kanlẹ̀.

Ó mú ẹyọ kan tó kù jáde, ó fi lé orí ìyókù.

"Owó pé. Gbé ìwo mi wá, lódindi."